Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti ìwé ilé-ẹjọ́: kíka iṣẹ́ Abba Kyari láti Bassila

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin Nàìjíríà yẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá kan sí ní Abuja. Abba Kyari ni orúkọ rẹ̀. Ó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà: ó wọṣẹ́ ní 2000, ó ṣe olórí ikọ̀ SARS ní Èkó, lẹ́yìn náà ó di olórí IRT, ikọ̀ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ń rán níṣẹ́. Adigunjalè, ajínigbé, agbésùnmọ̀mí, gbogbo wọn ni wọ́n ní ó ti mú. Kò ju ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lọ lẹ́yìn ìyẹsí yìí tí wọ́n fi dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ilé-ẹjọ́ ni yóò sọ bóyá ó jẹ̀bi. Ohun tí èmi ń wá ni irú ìwé tí a fi ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, àti ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń fi pa mọ́ fún wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ará Bassila àti Manigri ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Ọ̀nà ọdà tó gba àárín ìlú wa kọjá ni ó ń lọ sí Djougou, Natitingou, títí dé Porga. Ní oṣù Karùn-ún 2019, wọ́n jí arìnrìn-àjò ará Faransé méjì gbé nínú igbó Pendjari, wọ́n sì pa afinimọ̀nà wọn. Ní oṣù Kejìlá 2021, wọ́n kọlu àwọn ọmọ ogun wa ní Porga. Láti 2022 ni ìjọba ti kó ọmọ ogun lọ sí àríwá lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Mirador. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́: pé a nílò akọni ọlọ́pàá bíi ti àwọn ará Nàìjíríà, ẹni tí ọ̀daràn ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí yóò sá. Fídíò orí fóònù ni wọ́n ti mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Fídíò náà kì í yàtọ̀ síra. Wọ́n to àwọn afurasí sílẹ̀, wọ́n to ìbọn síwájú wọn, oníròyìn ń bi wọ́n léèrè, wọ́n ń jẹ́wọ́. Ní oṣù Keje 2018, ní Maiduguri, 22 ni irú àwọn afurasí bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ní ọmọ Boko Haram ni wọ́n. Wọ́n ní 8 nínú wọn lọ́wọ́ sí jíjí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Chibok gbé ní 2014. Àwa tí a kàwé ní Faransé mọ PV, ìwé tí ọlọ́pàá ń kọ tí ó sì ń fọwọ́ sí, tí adájọ́ lè yẹ̀ wò, tí agbẹjọ́rò sì lè ta kò. Ìjẹ́wọ́ iwájú kámẹ́rà kò ní irú ìyẹ̀wò yẹn. Síbẹ̀, òun ni ó kún inú ìwé ìròyìn, òun náà ni ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn Kyari yóò kọ́kọ́ bá pàdé.

Ẹ jẹ́ kí a wo Evans. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2017 ni àwọn ọlọ́pàá mú ajínigbé yìí ní Magodo, ní Èkó, òkìkí ìmúni náà sì kàn dé ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ni ó tó dé iwájú adájọ́. Ó kọ́kọ́ ní òun jẹ̀bi. Nígbà tó yá, ó yí ohùn padà. Ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2022 ni ilé-ẹjọ́ gíga Èkó ní Ìkẹjà tó rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ó tó ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ láàárín fídíò àti ìdájọ́. Ní ọjọ́ ìdájọ́ yẹn gan-an, Kyari fúnra rẹ̀ wà ní àhámọ́: ọjọ́ 14 oṣù kan náà ni NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, kéde pé àwọn ń wá a nítorí ọ̀rọ̀ kokéènì, tí wọ́n sì mú un. Ṣáájú èyí, ní 2021, ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà ti dárúkọ rẹ̀ nínú ẹjọ́ gbájú-ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Hushpuppi. Ìyẹn ló fa ìdádúró rẹ̀. Kyari ní òun kò jẹ̀bi ẹ̀sùn NDLEA.

Ọ̀fà ni ó dùn mí jù. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin 2018, àwọn adigunjalè kọlu àgọ́ ọlọ́pàá ibẹ̀, wọ́n sì kó àwọn báǹkì. Ó lé ní 30 ènìyàn tó kú, 9 nínú wọn jẹ́ ọlọ́pàá. Ikọ̀ Kyari wà lára àwọn tó tọ ipasẹ̀ wọn. Ẹni tí ọlọ́pàá pè ní olórí wọn jẹ́ ọlọ́pàá tí wọ́n ti lé kúrò níṣẹ́, ó sì kú sí àhámọ́ ọlọ́pàá kí adájọ́ tó gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ. Oṣù Kẹsàn-án 2024 ni ilé-ẹjọ́ ní Ìlọrin tó dájọ́ ikú fún ọkùnrin márùn-ún. Ohun tí olórí náà ìbá sọ nípa ibi tí wọ́n ti rí ìbọn, àti ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, bá a wọ ilẹ̀. Nínú ìròyìn ìmúni, èyí kò hàn rárá. Àṣeyọrí lásán ni a ń kà.

Irú èyí ti wáyé rí. Ní oṣù Kejìlá 1986, wọ́n mú Lawrence Anini ní Benin City, ìlú Ọba Ẹdó (kì í ṣe Benin tiwa). Ó hàn nígbà ìgbẹ́jọ́ pé George Iyamu, ọ̀gá ọlọ́pàá, wà lẹ́yìn wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1987, wọ́n yìnbọn pa àwọn méjèèjì. Kò tó oṣù mẹ́rin láti ìmúni dé ikú. Ìyára yìí dùn mọ́ àwọn ènìyàn nígbà náà, ṣùgbọ́n fún òpìtàn, ẹnu méjì tí ìbá sọ bí ọlọ́pàá àti olè ṣe ń pín iṣẹ́ ti dákẹ́.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè gba ìtàn akọni kan ṣoṣo. Ikọ̀ tó ń mú ènìyàn láìsí ẹni tó ń bi í léèrè yóò máa gbéṣẹ́ jáde lóòótọ́; SARS gbé e jáde. Àjọ Amnesty International ka ìwà ìfìyàjẹni, ìpani àti ìlọ́nilọ́wọ́gbà 82, ó kéré tán, sí wọn lọ́rùn láti oṣù Kìíní 2017 dé oṣù Karùn-ún 2020, kí àwọn ọ̀dọ́ tó fi ìwọ́de mú ìjọba tú ikọ̀ náà ká ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn.

Ní Benin, ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2018 ni wọ́n pa ọlọ́pàá àti sándámù pọ̀ di Police républicaine. Ọdún yẹn náà ni òfin dá CRIET sílẹ̀, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìgbésùnmọ̀mí ní Porto-Novo. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ apá tó kan Donga nínú iṣẹ́ mi. Fún ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan, mo máa kọ ọjọ́ ìmúni, ọjọ́ tí afurasí kọ́kọ́ rí adájọ́, ọjọ́ tó rí agbẹjọ́rò, ọjọ́ ìdájọ́, àti orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí PV.