Epo Pupa àti Epo Inú Ilẹ̀ Lẹ́nu Irin

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà rélùwéè láti Liverpool dé Manchester ní 1830, kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ pé irin, tí í ṣe ti Ògún Lákáayé, bí ó ti wù kí ó le tó, bí kò bá rí ọ̀rá mu, ara rẹ̀ ni yóò máa jẹ. Epo pupa tí àwọn ìyá wa fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí wọ́n sè, tí wọ́n sì ré kúrò lójú omi, wà lára ohun tí ó gbà wọ́n. Wọn a pò ó mọ́ ọ̀rá màlúù, sódà àti omi títí yóò fi ki bí òrí, wọn a rọ ọ́ sínú àpótí irin tí ó wà lórí ọ̀pá ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró, gírísì náà a dì. Bí ó bá ń sáré tí ọ̀pá sì gbóná, a yọ́, a sì ṣàn dé ibi tí irin ti ń gbo irin.

Ṣùgbọ́n nínú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, níbi tí oru omi gbígbóná ti ń jọba, ọ̀rá ẹran àti epo igi a máa bàjẹ́ di omi kíkan, a sì máa jẹ irin tí a ní kí ó tọ́jú.

Ní 1859 Edwin Drake gbẹ́ kànga epo rọ̀bì ní Titusville, ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Epo àtùpà ni wọ́n ń wá. Èyí tí ó ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí wọ́n fi ń sè é kò jọ wọ́n lójú. Ní 1866, ní Rochester, Hiram Everest àti Matthew Ewing fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú ìkòkò ìsepo. Ọgbọ́n yìí ni kí a dúró wò dáadáa, nítorí òun ni a ṣì ń lò: bí afẹ́fẹ́ bá dínkù, epo tí ó wúwo yóò hó kí iná tó le dé ibi tí yóò ti bà á jẹ́, oru rẹ̀ yóò tutù di òróró, a ó sì yọ ìda inú rẹ̀ kí ó má baà dì nígbà òtútù. Òróró bẹ́ẹ̀ kì í kan nínú ooru.

Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Láàárín 1860 sí 1870, owó epo pupa ń wálẹ̀ ní Liverpool. Epo inú ilẹ̀ nìkan kọ́ ni ó fà á, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ń dùn mí pé obìnrin tí ó ru epo dé ọjà, tí a ná an ní iye tí kò tó ti èṣí, kò gbọ́ orúkọ Pennsylvania rí. Síbẹ̀ àwọn obìnrin náà kò káwọ́ lẹ́rán: wọ́n jókòó ti èkùrọ́ tí wọ́n ti ń fi ṣe àdín tàbí tí wọ́n ń dà nù, wọ́n ń fi òkúta pa á lọ́kọ̀ọ̀kan, títí èkùrọ́ fi ju epo lọ nínú ẹrù tí ń jáde ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń gba Hamburg lọ, ní ilẹ̀ Jámánì.