Oríta Òrù àti Ẹ́ńjìnnì Tí Ọ̀nà Wa Yàn

Kí òyìnbó tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmagbọ̀n ní 1892, orí àti èjìká ènìyàn ni ẹrù fi ń rìn ní ilẹ̀ yìí. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin sì gbéra láti Èkó tí ó wọ Ìbàdàn ní 1901, Abẹ́òkúta ni ó gbà kọjá, kò yà kí Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè rárá. Ìdí nìyí tí ìtàn ìrìnnà wa fi jẹ́ ìtàn kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù àti alùpùpù, pàápàá ní Òrù, ìlú tí ó jókòó sí oríta, níbi tí ẹni tí ó ti Ìjẹ̀bú-Òde bọ̀ ti lè yà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ó lè yà sí Àgọ́-Ìwòyè, tí ó sì lè gba Awà àti Màmú kọrí sí Ìbàdàn. Bí a bá ní kí wọ́n pìtàn ìlú, orúkọ ọba àti ogun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò máa kà. Èmi gbà pé irin tí àwọn ará ìlú gùn lọ sí oko yẹ ní ohun tí à ń pìtàn rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹrù agbègbè náà kì í ṣe ẹrù kékeré. Kòkó àti obì ń jáde láti oko. Pákó ń ti Ìjẹ̀bú-Igbó jáde, nítorí igbó Ọmọ, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní 1925, àti àwọn igbó tí ó yí i ká, kò jìnnà. Ẹja sì ń ti ìhà Ògùn Waterside, láti Ìwopin àti Àbígí, gòkè wá. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ni pákó, kò sí ẹni tí yóò bá a du ìyẹn; ṣùgbọ́n ọ̀nà oko tóóró tí òjò ti gbẹ́, tí gbòǹgbò sì dábùú rẹ̀, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò lè tọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni alùpùpù ti rí iṣẹ́ ṣe.

Lẹ́yìn ogun Hitler, BSA ti Birmingham, Triumph àti Norton, alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni orúkọ tí ó ń dún létí àwọn ènìyàn. BSA M20 tí ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì gùn lójú ogun, sìlíńdà kan ṣoṣo tí ó tó 500 cc ni ó ní. Ó wúwo, kò sì yára, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan nínú ikùn rẹ̀ tí mẹkáníìkì onílàákàyè kò lè tú kí ó sì tò padà. BSA Bantam tí ó tẹ̀lé e ní 1948 kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, 125 cc ni. Àwòkọ alùpùpù DKW ti Jámánì ni í ṣe, tí Gẹ̀ẹ́sì gbà gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn ogun.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n yàn. Harley-Davidson, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Milwaukee ní 1903, gbé ẹ́ńjìnnì V oní-sìlíńdà méjì jáde ní 1909, tí sìlíńdà méjèèjì ya síra bí igi oní-ẹ̀ka méjì tí ọmọdé fi ń ṣe kànnàkànnà, tí ìdí wọn sì pàdé lórí kíráńkì kan náà. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀: agbára di púpọ̀, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju ti olósìlíńdà kan lọ, ó wọ inú férémù tóóró láì ya orúnkún ẹni tí ó gùn ún; kíráńkì a máa fi sùúrù yí, agbára a sì ti wà nílẹ̀ kí eré tó dé, èyí tí ó bá ọ̀nà gbọọrọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Sìlíńdà ẹ̀yìn fara pamọ́ sẹ́yìn ti iwájú, atẹ́gùn kò kàn án dáadáa, òun ni ooru sì ń kọ́kọ́ bá fínra. Nítorí pé dígírì 45 ni wọ́n fi ya síra, iná kì í bọ́ sí wọn ní ìwọ̀n kan náà: kíráńkì yóò yí dígírì 315 kí èkejì tó bú, yóò sì yí 405 kí àkọ́kọ́ tó tún bú, ìdí nìyí tí ìró rẹ̀ fi ń ta kọsẹ̀-kọsẹ̀, tí férémù ń gbọ̀n, tí bóòtù sì ń tú. Àwọn Ducati àti Moto Guzzi ti Ítálì la sìlíńdà tiwọn sí dígírì 90 kí gbígbọ̀n náà lè rọlẹ̀, ó sì rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì Ducati gùn gbọọrọ nítorí rẹ̀, orí sìlíńdà Guzzi sì yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Èyí tí Harley ṣe ní 1909 gan-an kò rọgbọ: písítọ̀n ni ó ń fi ìfàmọ́ra ṣí fáàfù tí epo àti atẹ́gùn ń gbà wọlé, kò sì ṣí i bí ó ti yẹ. Wọ́n kó o nílẹ̀, wọ́n tún un rò, ó di 1911 kí ó tó padà.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n lórí ọ̀nà tiwa písítọ̀n kan ṣoṣo gbé kòkó, ó gbé ìyàwó, ó gbé ọmọ, ó sì dé ilé. Olósìlíńdà méjì ní púlọ́ọ̀gì méjì, gásíkẹ́ẹ̀tì orí méjì, fáàfù mẹ́rin. Ohun gbogbo tí ó lè bàjẹ́ di ìlọ́po, owó àpò ẹni tí ó rà á kò sì di ìlọ́po. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń wí pé òṣì ni kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì V gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. N kò gbà. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́; olówó tí ó mọ ọ̀nà oko pàápàá, kò ní fi irin tí ó wúwo ju ọkùnrin mẹ́ta lọ wọ ẹrẹ̀ oṣù Òkudù, nítorí bí afárá bá ti bá omi lọ, ọwọ́ ni yóò fi gbé e kọjá odò.

Àwọn ará Japan ni ó gba ọjà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí owó Udoji, èyí tí ìjọba fi kún owó oṣù, bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1974 sí 1975, ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akọ̀wé ni ó sáré ra alùpùpù, Honda, Suzuki, Yamaha, tí ìlú sì ń hó yèè. Ní nǹkan bí ìgbà yẹn náà ni Honda gbé CG125 jáde, òun ni mo sì fẹ́ kí a dúró tì díẹ̀. Honda ti ní ẹ́ńjìnnì 125 cc kan tẹ́lẹ̀ tí kámúṣáàfù rẹ̀, ọ̀pá tí ń ṣí fáàfù, wà lókè, nínú orí sìlíńdà, tí ṣéènì ń yí i. Ó yára, ó sì dùn ún gùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn wo bí a ti ń lo alùpùpù ní àwọn ilẹ̀ bíi tiwa, wọ́n rí i pé ẹrù kì í kúrò lẹ́yìn rẹ̀, pé kì í sinmi, àti pé ọ́ìlì inú rẹ̀ a máa wà níbẹ̀ títí yóò fi dúdú láìsí ẹni tí ó pààrọ̀ rẹ̀. Kámúṣáàfù òkè ni ìyà ọ́ìlì burúkú sì ń kọ́kọ́ jẹ. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n padà sẹ́yìn: wọ́n sọ kámúṣáàfù kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, nítòsí ibi tí ọ́ìlì ń gbé, wọ́n sì ń fi púṣírọ́ọ̀dù ti fáàfù láti ibẹ̀. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Púṣírọ́ọ̀dù yìí kan náà ni Harley kò fi sílẹ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì V ńlá rẹ̀ títí di òní. Eré dínkù, ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì sì gùn. Mo ka ìpinnu yìí sí ju gbogbo irin tí ń dán lọ, nítorí ẹni tí ó rọ ẹ̀rọ tí ó sì ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé olówó rẹ̀ yóò gbàgbé ọ́ìlì, onítọ̀hún mọ ọmọ aráyé. Ní 1979 ni a dá Honda Manufacturing sílẹ̀ ní Ọ̀tà, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ó ń jẹ́ Ọlábísí Ọnàbánjọ lónìí, bẹ̀rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè ní 1982, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì nílò ohun tí yóò máa gbé wọn. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986, tí ọkọ̀ tuntun di ohun tí à ń fi ojú lásán wò, alùpùpù di ọkọ̀ èrò, ọ̀kadà sì gba oríta. Lẹ́yìn náà ni Jincheng AX100 ti Ṣáínà rọ́ dé, àwòkọ Suzuki, tú-sítíróòkù tí kò ní kámúṣáàfù kankan, tí ọ́ìlì rẹ̀ ń bá epo jóná. Owó rẹ̀ kò wọ́n, àtúnṣe rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ a máa yọ aṣọ funfun lẹ́nu, ọ̀mu epo sì ni. Nígbà tí ìjọba gbé lítà epo bẹntiróòlù láti ₦65 sí ₦141 ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2012, tí ìwọ́de sì mú un wálẹ̀ sí ₦97, kò sí ọlọ́kadà tí kò mọ̀ pé ìgbà ọ̀mu epo ti ń wọ̀. Bajaj Boxer ti Íńdíà, fọ́-sítíróòkù, olósìlíńdà kan, ni ó jàǹfààní rẹ̀.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì àgbà ní Òrù, ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti ní ìhà etí omi, tí ẹ tú BSA, tí ẹ tú CG125, tí ẹ sì gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì Jincheng ń nọ́ọ̀kì lọ́wọ́ yín, ọ̀dọ̀ yín ni ìtàn yìí wà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè tí ẹ ń wá ohun tí ẹ ó fi ṣe ìwádìí, ẹ mú ìwé àti gègé lọ bá wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé.