Bọ́ọ̀lù Àfọwọ́gbé ní Azusa

Bí ọmọ ilé-ìwé kan ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà bá gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù, èyí tí ó rí roboto tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá ni yóò wá sí i lọ́kàn. Ọ̀tọ̀ ni èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn jù. Bọ́ọ̀lù tiwọn gùn, orí rẹ̀ méjèèjì sì ṣóńṣó. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá lọ, àwọn alátakò a sì máa sáré lé ẹni tí ó gbé e kí wọ́n lè là á mọ́lẹ̀. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń díwọ̀n eré náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn Òṣómàáló, oníṣòwò Ìjèṣà ayé àtijọ́, ti ń fi ọ̀pá wọn aṣọ fún oníbàárà. Ìgbà mẹ́rin ni a fún ẹgbẹ́ kan láti fi jèrè ọ̀pá mẹ́wàá. Bí wọn kò bá rí i ṣe, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì.

Ìtàn ọ̀kan nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí ọmọ ilẹ̀ wa kan wà nínú rẹ̀. Azusa jẹ́ ìlú kékeré ní ìpínlẹ̀ California, kò sì ju nǹkan bí 40 kìlómítà lọ sí Los Angeles. Ní 1899 ni àwọn onígbàgbọ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ. Òun ni ó di yunifásítì Azusa Pacific ní 1981. Ní 1965 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ilé-ìwé ńláńlá ilẹ̀ náà ní pápá tí ó ń gba ju 100,000 ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n ilé-ìwé kékeré ni Azusa, òkìkí rẹ̀ kò sì tàn jìnnà.

Christian Okoye, ọmọ Enugu, lọ síbẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 21. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni ó bá lọ. Díṣíkọ́ọ̀sì ni, èyíinì ni àwo wíwúwo tí àwọn eléré ìdárayá ń jù. Ní 1984 ìdíje Òlíḿpíìkì bọ́ sí Los Angeles, ní ìtòsí ilé-ìwé rẹ̀. Innocent Egbunike, tí òun pẹ̀lú jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Azusa, sáré níbẹ̀ pẹ̀lú Sunday Uti, Moses Ugbisien àti Rotimi Peters, wọ́n sì gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ fún Nàìjíríà. Okoye kò sí láàrin àwọn tí ó lọ. Àwọn tí ó ń yan eléré fún ilẹ̀ wa kò mú un.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí a ti fi sílẹ̀ rí nígbà tí a ń yan àwọn eléré ilé-ìwé yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí lára. Ẹni ọdún 23 ni Okoye nígbà náà. Ó bọ́ sínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbé, eré tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe láti kékeré, tí òun kò sì ṣe rí. Ó tóbi, ó sì yára, ṣùgbọ́n ó ní láti kọ́ òfin eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ọmọdé tí ń kọ́ a, b, d. Ní 1987 ẹgbẹ́ Kansas City Chiefs mú un. Òun ni ẹni karùndínlógójì tí a yàn ní ọdún náà. Ní 1989 ó gbé bọ́ọ̀lù sá la 1,480 ọ̀pá kọjá, kò sì sí asáré kan ní gbogbo líìgì náà tí ó tó o. Wọ́n fún un ní orúkọ kan tí ó túmọ̀ sí Àlá Burúkú ọmọ Nàìjíríà, nítorí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn tí yóò dá a dúró.

Àwọn kan a máa sọ pé oore ni àwọn ayẹnilọ́wọ́wò ṣe fún un nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1985 ó gba ipò kìn-ín-ní nínú jíju díṣíkọ́ọ̀sì ní ìdíje gbogbo Áfíríkà. Nítorí náà a kò lè sọ pé kò tó ẹni tí à bá mú. Ibi rere tí ó dé lẹ́yìn náà kò sọ àṣìṣe wọn di ọgbọ́n. Ilé-ìwé kékeré tí ó gba àgbàlagbà tí kò mọ eré náà rárá, tí ó sì mú sùúrù kọ́ ọ, ni ọpẹ́ tọ́ sí.

Ẹgbẹ́ náà kò dúró síbẹ̀. Ní 1998 wọ́n borí gbogbo ilé-ìwé tí ó wà nínú ìdíje NAIA, èyí tí ó jẹ́ ti àwọn ilé-ìwé kéékèèké. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní California ń pa ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tì, títí ó fi jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ni Azusa ń rìn lọ bá àwọn alátakò, dé Oregon àti Washington, àní dé Kánádà. Ní oṣù Kejìlá 2020, ní ọdún àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, àwọn aláṣẹ kéde pé a ti tú ẹgbẹ́ náà ká. Ó jẹ́ ọdún 55 tí a ti dá a sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà nínú rẹ̀ ní láti yàn: kí wọ́n parí ẹ̀kọ́ wọn ní Azusa láìsí bọ́ọ̀lù, tàbí kí wọ́n di ẹrù wọn, kí wọ́n sì wá ibòmíràn lọ.