Oúnjẹ Kafitéríà

Àwa tá a ń mu gààrí sùn ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì, ká má rò pé bó ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn. Nígbà kan ní Yunifásítì Ìbàdàn, kafitéríà làwọn ẹ̀gbọ́n wa ti ń jẹun, ìjọba sì ń bá wọn san lára owó rẹ̀. Oúnjẹ yẹn náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kejì, 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ̀hónú hàn lórí ọ̀rọ̀ kafitéríà Zik Hall. Ọlọ́pàá yìnbọn, Kúnlé Adépéjù sì kú. Nítorí àwo oúnjẹ o! Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tí ọ̀pọ̀ wa ò sì béèrè ẹni tó jẹ́.

Ní 1978, ìjọba ológun gbé owó oúnjẹ òòjọ́ sókè. Ni ariwo "Ali Must Go" bá gba ìlú. Ahmadu Ali ni kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà. Akíntúndé Òjó kú ní Yunifásítì Èkó, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ NUNS. Nígbà tó yá, ìjọba kúkú yọwọ́ nínú oúnjẹ pátápátá. Bí sítóòfù ṣe wọ yàrá wa nìyẹn, tí kálukú ń dáná fúnra rẹ̀ láàárín ìwé àti bẹ́ẹ̀dì.