Láti Àwìn Òṣómàáló dé Ọpọ́n Ìmọ̀: Ìtàn Ìpàtẹ Ọjà ní Òṣogbo àti Iléṣà

Ọdún 1907 ni rélùwéè tó gbéra láti Èkó, tó ti dé Ìbàdàn ní 1901, wọ Òṣogbo. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ilé ìtajà òyìnbó fi yí ibùdókọ̀ rẹ̀ ká. Wọ́n ń ra kòkó àti ekùrọ́, wọ́n ń ta aṣọ, iyọ̀, àtùpà àti kẹ̀kẹ́. Òṣogbo ìlú aró, tí àwọn obìnrin rẹ̀ ti ń rẹ aṣọ tipẹ́, wá di ibi tí ará oko àti ará ìlú ti ń wá wo ohun tí wọn kò rí rí. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ pàápàá á yà, á dúró, á wò ó. Bí ìpàtẹ ọjà òde òní ṣe bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè yìí nìyẹn, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé pátákó ìkéde kọ́.

Rélùwéè kò dé Iléṣà. Àwọn Ìjẹ̀ṣà kò jókòó sílé sunkún nítorí ìyẹn, ṣe ni wọ́n ń lọ ra aṣọ ní Òṣogbo, tí wọ́n á gbé e rù, tí wọ́n á sì kọrí sí Èkìtì, Ìlọrin, ilẹ̀ Nupe àti Òkè Ọya. Àwọn ni aráyé ń pè ní òṣómàáló. Òṣómàáló kì í pàtẹ síbì kan kó máa retí oníbàárà. Ilé oníbàárà ló ń bá a lọ, á tú aṣọ sílẹ̀ níwájú tọkọtaya, á jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, á sì fi lé wọn lọ́wọ́ láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, á padà dé. Wọ́n lè fún un ní àga, kò ní jókòó. Wọ́n lè bu omi fún un, kò ní mu. Á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí owó fi máa jáde. Àwọn mìíràn kórìíra wọn nítorí èyí, ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn oníṣòwò ẹ̀rọ ayé òde òní kò mọ̀ tó wọn: fún òṣómàáló, ọjọ́ tí ọjà bá bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà kọ́ ni òwò parí. Ó mọ ilé ẹni tó rà á, ẹni tó rà á náà sì mọ̀ pé yóò padà wá.

Ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà kò sì mọ sórí títà. Ilé-iṣẹ́ ọtí International Breweries tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1971, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Iléṣà ní 1978, jẹ́ ẹ̀rí. Olóyè Lawrence Omole, gbajúmọ̀ oníṣòwò Iléṣà, wà nídìí rẹ̀. Òṣogbo ti tọ́ adùn ilé-iṣẹ́ wò ṣáájú ìgbà náà, nítorí ibẹ̀ ni British American Tobacco ti kọ́kọ́ dán sìgá ṣíṣe wò ní Nàìjíríà ní 1933, kó tó di pé wọ́n kọ́ èyí tó tóbi jù ú lọ sí Ìbàdàn ní 1937.

Àwọn ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ní ìtàn tiwọn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá ọdún 1959, ilé tó bá ní tẹlifíṣọ̀n di gbọ̀ngàn àdúgbò. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1962, Nàìjíríà ṣe ìpàtẹ ọjà àgbáyé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Victoria Island ní Èkó, àwọn orílẹ̀-èdè sì kó ọjà wọn wá ṣàfihàn fún orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Ní 1977, wọ́n ṣí ọgbà ńlá tí wọ́n kọ́ fún ìpàtẹ ọjà lójú ọ̀nà Badagry. Owó epo wà nílẹ̀, gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe rédíò, fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù láyé ló fẹ́ kí a mọ orúkọ òun.

Àwọn tó lọ síbẹ̀ rí rédíò tí wọ́n kọ Nàìjíríà sí lẹ́yìn, inú wọn sì dùn. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká fara balẹ̀ wo ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Òfin tí ìjọba Gowon ṣe ní 1972, èyí tó ya àwọn òwò kan sọ́tọ̀ fún ọmọ Nàìjíríà nìkan, ka títo rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ mọ́ wọn, níwọ̀n ìgbà tí ilé-iṣẹ́ tó ń tò ó kò bá ṣe ẹ̀yà inú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé apá tó rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà ni òfin fi lé wa lọ́wọ́. Ẹ̀yà yóò ti òkè òkun dé nínú àpótí, àwọn òṣìṣẹ́ yóò fi òjé lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, wọ́n á de ìdérí rẹ̀, wọ́n á dì í. Nígbà tí owó náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, àpótí ẹ̀yà wọ́n gógó, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sì ní ohun tí wọn yóò tò mọ́. Kì í ṣe àìmọṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ló pa wọ́n.

Ohun tó ń dunni nínú ìtàn yìí ni pé Òṣogbo ti ní ìdáhùn rẹ̀ nílẹ̀. Ní 1980 ni ìjọba àpapọ̀ dá Nigeria Machine Tools sílẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú àjọṣe HMT ti ilẹ̀ Íńdíà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ti dúró ti ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ irin rí yóò mọ bó ṣe jẹ́ àrà. Wọ́n á fi ọ̀pá irin há ẹnu rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí i bíríbírí, irin mímú kan á máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, á máa bó o. Omi funfun á máa dà lé e lórí kó má baà gbóná jù, èérún irin á máa ká rúbútú rúbútú bọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá mú ọ̀pá náà kúrò, ó ti di ṣáàfù tàbí bóòtù tó bá ojú ihò rẹ̀ mu rẹ́gí. Orílẹ̀-èdè tó bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tó sì ní ẹni tó lè lò ó, lè ṣe ẹ̀yà tirẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ irin Òṣogbo náà dìde láàárín ọdún díẹ̀ sí i, ọ̀kan nínú mẹ́ta tí ìjọba kọ́ sí Òṣogbo, Jos àti Katsina. 210,000 tọ́ọ̀nù ni wọ́n ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ṣe lọ́dún. Wọ́n á da ògidì irin sínú iná títí yóò fi pọ́n yòò, wọ́n á fi ẹ̀rọ fà á gùn di ọ̀pá irin ìkọ́lé. Àwọn ilé-iṣẹ́ irin ńlá tó wà ní Aládjà àti Àjàòkúta ló yẹ kó máa fi ògidì irin yìí ránṣẹ́. Aládjà ṣe é díẹ̀, ó kọsẹ̀. Àjàòkúta tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1980 kò ì tíì rọ irin tó yẹ kó rọ. Báyìí ni iná ààrò Òṣogbo ṣe kú, tí ẹ̀rọ Machine Tools náà kò sì rí oníbàárà tó tó, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ tó yẹ kó rà wọ́n ń kógbá sílé. Ìjọba kó àwọn méjèèjì sínú ètò títa ilé-iṣẹ́ fún aládàáni.

Síbẹ̀, ìmọ̀ ẹ̀rọ kò tán ní Òṣogbo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà títí di òní. Tọ̀sán tòru ni àwọn ẹnjiníà ibẹ̀ ń ṣọ́ ọn kí iná náà má yẹ̀ jìnnà sí 50 hertz. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni kò mọ̀ pé àárín wọn ni iṣẹ́ yìí wà.

Ní 2013, ìjọba Rauf Aregbesola, gómìnà Ọ̀ṣun nígbà náà, gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sí fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà. Láàárín àkókò kan náà, ilé-iṣẹ́ RLG láti orílẹ̀-èdè Gánà wá sí Iléṣà, wọ́n dá ibi títo fóònù àti kọ̀ǹpútà sílẹ̀, wọ́n pè é ní Adúláwọ̀ Technology City. Ó jẹ́ ìgbésẹ̀ tó ní láárí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì kọ́ títún fóònù ṣe nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà tó ń ti òkè òkun bọ̀ náà ni wọ́n tún ń tò, ariwo ibẹ̀ kò sì pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Ohun tó ṣe rédíò ní 1986 ló tún fẹ́ ṣe kọ̀ǹpútà.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ síbi ìpàtẹ ẹ̀rọ lónìí, ìbáà jẹ́ Èkó, Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, yóò rí iná tó ń tàn wìnnìwìnnì, orin, ìwé ìpolówó àti ẹ̀bùn kékèèké. Kó gbà wọ́n. Lẹ́yìn náà, kó ní kí wọ́n tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà fún òun. Kó bi wọ́n pé èwo nínú ohun tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Nàìjíríà: ṣé wáyà ni, ṣé ike ni, ṣé bátìrì ni, àbí páálí tí wọ́n fi dì í nìkan? Kó béèrè ìlú tí ẹni tó máa tún un ṣe wà, àti bí ẹ̀yà tí wọ́n máa fi pààrọ̀ yóò ṣe tètè dé. Bí olùtajà kò bá lè dáhùn, òṣómàáló dára jù ú lọ, nítorí òun á padà wá.

Àwọn tó ń ṣètò ìpàtẹ ọjà ní Ọ̀ṣun náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Ẹ má kó fóònù àti tẹlifíṣọ̀n nìkan jọ. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ irin wá sójú táyé, kí ọmọ Òṣogbo àti ti Iléṣà dúró tì í, kí wọ́n rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ pe àwọn àgbà tó ṣiṣẹ́ ní Machine Tools àti ilé-iṣẹ́ irin wá kọ́ wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.