Ìdí tí Akin Euba fi Padà sí Kíláàsì

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Akin Euba ní ọdún 1962, nígbà tí ó gba owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àjọ Rockefeller láti lọ kàwé ní Yunifásítì California tí ó wà ní Los Angeles, èyí tí a mọ̀ sí UCLA. Kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nínú iṣẹ́ orin rárá. Bàbá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní píánò ní Èkó. Láti 1952 sí 1957 ni ó wà ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti gba ìwé-ẹ̀rí FTCL nínú píánò títẹ̀ àti nínú orin kíkọ sílẹ̀. Ó padà wálé, ó ń bá iṣẹ́ lọ ní ẹ̀ka orin ilé-iṣẹ́ rédíò NBC. Lójú ará Èkó ìgbà náà, ẹni tí ó kàwé débẹ̀ ti kàwé tán. Kí ni ó wá dé tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún fi lọ jókòó sí kíláàsì, tí àwọn olùkọ́ ń fún un ní iṣẹ́ àṣetiléwá, tí wọ́n sì ń máàkì ìwé rẹ̀?

Ìdáhùn àkọ́kọ́ kò le. Ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ orin, bí ó ti wù kí ó ga tó, kì í ṣe oyè yunifásítì. Àsìkò náà gan-an ni àwọn yunifásítì tuntun ń ṣí ní Nàìjíríà: Nsukka ní 1960, Ifẹ̀, Èkó àti Zaria ní 1962. Ẹni tí yóò bá kọ́ni níbẹ̀ ní láti ní oyè lọ́wọ́. Nítorí náà, láti orí B.A. ni Euba ti bẹ̀rẹ̀ ní UCLA. Ó gba ìyẹn ní 1964, ó sì gba M.A. ní 1966.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé orúkọ kan náà, M.A., kì í jẹ́ nǹkan kan náà níbi gbogbo. Ní Oxford àti Cambridge, ẹni tí ó bá ti gba B.A. yóò kàn dúró títí ọdún yóò fi pé ni, wọn yóò sì fún un ní M.A. láìṣe ìdánwò kankan. Ti Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti máa lọ sí kíláàsì ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí ó máa ka ìwé, kí ó máa kọ àròkọ, kí ó sì máa gba máàkì lórí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan títí iye tí wọ́n là sílẹ̀ yóò fi pé. Kò sí ẹni tí yóò wò ó pé ọ̀gá ni ẹni yìí ní ìlú rẹ̀.

Ìdáhùn kejì ni ó jinlẹ̀. Orin Òyìnbó ni Euba lọ kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìlù tí ń dún ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò sí nínú ẹ̀kọ́ náà. Òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. T.K.E. Phillips, tí òun náà ti lọ sí Trinity ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ti bá ìṣòro yìí wọ̀jà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń fi ohùn orin Òyìnbó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ Yorùbá kì í gbà kí ènìyàn yí ohùn rẹ̀ padà láìyí ìtumọ̀ padà. Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀: ẹni tí ó bá gbé ohùn wọn gba ibi tí kò yẹ ti sọ ọkọ ìyàwó di irinṣẹ́ oko. Phillips tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Bí a bá yọ ti ìwé náà àti iṣẹ́ Fẹlá Sowande kúrò, ìwọ̀nba ni ohun tí ọmọ Yorùbá tí ó fẹ́ fi ojú ìmọ̀ wo orin ilé rẹ̀ lè rí kà.

UCLA ni wọ́n ti gba ojú mìíràn wo ọ̀rọ̀ náà. Mantle Hood, tí ó lọ kọ́ ìlù àti agogo idẹ ilẹ̀ Java ní Indonesia, ni ó dá ilé ìwádìí orin àwọn ẹ̀yà àgbáyé sílẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1960. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí ó fi sọ pé, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe lè gbọ́ èdè méjì, ó yẹ kí onímọ̀ orin lè ṣe orin àṣà méjì. Kò tó kí ènìyàn máa kọ̀wé nípa ìlù tí kò lè lù. Nítorí èyí, yàtọ̀ sí ìwé kíkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ a máa jókòó sílẹ̀ ti agogo Java, wọn a sì máa kọ́ ìlù lọ́dọ̀ àwọn onílù tí wọ́n mú wá láti Ghana. Klaus Wachsmann, tí ó ti ṣe olùtọ́jú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Uganda, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́ Euba. Roy Travis wà níbẹ̀ pẹ̀lú ní ti orin kíkọ sílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá dàgbà ní agboolé onílù yóò rẹ́rìn-ín sí ohun tí Hood gbé jáde bí ẹni pé ó jẹ́ tuntun. Ọmọ Àyàn kì í ka ìwé nípa gúdúgúdú kí ó tó lù ú. Orí omele ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò máa tẹ̀ lé àgbà lọ síbi ìnáwó, ọdún yóò sì gorí ọdún kí ó tó gbé ìyáàlù kọ́ èjìká. Kọ́ọ̀sì ni, ìdánwò ni. Òde ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọn oníjó ni wọ́n sì ń máàkì. Oyè nìkan ni wọn kì í fún un.

Euba nìkan kọ́ ni ọmọ Yorùbá tí ó wà níbẹ̀. Ní 1964, Ayọ̀ Bankole dé, òun náà pẹ̀lú owó Rockefeller, lẹ́yìn tí ó ti kàwé ní Guildhall ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Cambridge. Ọdún 1935 ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ ni Euba wà ní 1963 nígbà tí ó kọ Igi Ńlá So, orin tí ó jẹ́ pé píánò àti ìlù Yorùbá ni ó pa pọ̀.

Lẹ́yìn tí M.A. tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, Yunifásítì Èkó gbà á ní olùkọ́. Ní 1968 ó bọ́ sí Ifẹ̀, níbi tí eré ọlọ́rin rẹ̀ Chaka ti jáde ní 1970. Ìwádìí lórí dùndún ni ó gbájú mọ́, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ní kíláàsì ti wúlò jù. Ohùn ìyáàlù kì í dúró lójú kan. Onílù á fọwọ́ fún osán, ohùn á gòkè. Á dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Nígbà mìíràn á yọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè láàárín ìkìlù ẹyọ kan ṣoṣo. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe kọ èyí sórí ìlà márùn-ún tí ó bá píánò mu, píánò tí ohùn kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní ibùjókòó tirẹ̀ tí kì í kúrò? Ẹni tí yóò dáhùn ní láti mọ ìwé orin Òyìnbó dénú, kí ó sì gbọ́ èdè ìlù. Abẹ́ àbójútó Kwabena Nketia, ọmọ Akan, ni Euba ti kọ iṣẹ́ náà fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ghana tí ó wà ní Legon. Ó gbà á ní 1974.

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀nà jíjìn ni ó rìn lọ wá ohun tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ìlù kò ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà ní 1962. Ibi tí wọ́n ti ka ìlù sí ẹ̀kọ́ tí a lè gba oyè lé lórí ni ó ṣọ̀wọ́n. Ohun tí ó dunni jù ni pé onílù láti Ghana lè di olùkọ́ ní Los Angeles, nígbà tí ìyáàlù tí wọ́n ń lù ní Ẹdẹ tàbí Ọ̀yọ́ kì í gbé ẹni tí ó ń lù ú dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì tí kò ju ìrìn wákàtí díẹ̀ lọ.

Euba kọ́ni ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà láti 1993 sí 2011, ó sì kú ní oṣù kẹrin ọdún 2020. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí dùndún jáde ní 1990 ní ìlú Bayreuth, ní Jámánì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́.