Ẹran Ilé Oúnjẹ Ńlá Nínú Ilé Ìdáná Wa

  Ọ̀rọ̀ ẹran màlúù ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹran inú ọbẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní sítéèkì ni: ègé kan ṣoṣo, tó nípọn tó ìka méjì, tí a sun lórí irin gbígbóná, tí a gbé síwájú ẹni pẹ̀lú ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì.

Ọmọbìnrin mi ló fa ọ̀rọ̀ náà. Ó jẹ ẹran yìí ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìlọrin níbi ìgbéyàwó kan. Nígbà tó padà dé Malété, ó ní, “Bàbá, ẹran náà rọ̀ débi pé Ìyá Àgbà lè jẹ ẹ́.” Ìyá mi ló ń wí. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí ìyá mi ti pa ẹran màlúù tì nítorí eyín. Bí a bá bu ọbẹ̀ fún un, yóò ṣa ẹran sí ẹ̀gbẹ́ àwo, yóò ní kí a kó o fún àwọn ọmọ. Mo ní n ó sun ún nílé. Ohun tí mo sè lọ́jọ́ náà, bí ẹni sun bàtà ni. Ajá àdúgbò nìkan ló dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí wádìí: kí ló dé tí ẹran tiwa fi le tí tiwọn fi rọ̀? Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìdáná lásán ni, àṣé ìtàn ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí màlúù fúnra rẹ̀. Nínú igbó dídí ilẹ̀ Yorùbá, eṣinṣin kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tsetse. Bí ó bá bu ẹran jẹ, ó máa ń kó àrùn sí i lára, ẹran náà á máa rù títí yóò fi kú. Ní nǹkan bí 1895 ni David Bruce, dókítà àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, rí kòkòrò àrùn náà nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù ní ilẹ̀ Zulu, ní gúúsù Áfíríkà. Nítorí eṣinṣin yìí, màlúù oníké ti àwọn Fúlàní kì í pẹ́ nínú igbó. Màlúù kúkúrú tí kò ní iké, tí a ń pè ní mùtúrù, ló lè fara dà á, kò sì pọ̀.

Ọ̀dàn ni ilẹ̀ tiwa. Malété wà ní àríwá Ìlọrin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Moro. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n nítorí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara tí ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2009, ṣùgbọ́n màlúù ti ń jẹko ní agbègbè yìí tipẹ́tipẹ́. Àwọn Fúlàní darandaran ti wà ní ilẹ̀ Ìlọrin kí Ṣéù Àlímì tó dé sọ́dọ̀ Àfọ̀njá ní nǹkan bí 1817. Ẹ wo orúkọ àdúgbò nínú ìlú Ìlọrin: Gáà Akanbí, Gáà Imam. Gáà ni ibùdó àwọn Fúlàní. Ẹ rò pé ẹni tí gáà yí ká yóò máa jẹ ẹran tó rọ̀ lójoojúmọ́, àbí? Rárá o. Fúlàní kì í pa màlúù rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wàrà ló ń tà, wàrà ló ń jẹ, màlúù ni àpò owó rẹ̀. Èyí tó ti dàgbà, tí kò bímọ mọ́, tí wàrà rẹ̀ ti gbẹ, ni ó sábà máa ń fà lé alápatà lọ́wọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, arúgbó ẹran ló ń dé ọjà.

Èyí tó ń ti òkè wá tún ní ìyà tirẹ̀. Nígbà kan rí, àwọn onímàlúù máa ń da ẹran láti ilẹ̀ Haúsá sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, Ìlọrin sì wà lójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ni ẹran fi ń rìn, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lójú ọ̀nà, tí ó ń rù bí ó ti ń lọ. Rélùwéè dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bà ní 1909, wọ́n sì parí afárá odò Ọya ní Jẹ́bà ní 1916. Lẹ́yìn ìyẹn, màlúù tí olówó rẹ̀ lè san owó ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wọ rélùwéè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣì ń fi ẹsẹ̀ rìn nígbà náà. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko lójoojúmọ́, ẹ ó rí i bí iṣan rẹ̀ ti le. Bẹ́ẹ̀ ni ìtan màlúù tó rìn láti Kánò.

Ohun kejì ni àkókò. Alápatà tiwa ń pa ẹran ní ìdájí, ó ń tà á ní gbígbóná, ó fẹ́ kí ó tán kí oòrùn tó mú. Kò jẹ̀bi; kò ní yàrá tútù. Ṣùgbọ́n ẹran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa máa ń gan láàárín wákàtí mélòó kan, ó sì ń gba ọjọ́ púpọ̀ nínú òtútù kí ó tó tún dẹ̀. Nígbà tó bá gan gan-an ni à ń gbé e kaná.

Àwọn ìyá wa ti mọ èyí láìka ìwé kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bọ ẹran pẹ́ lórí iná kí wọ́n tó dín in. Bíbọ̀ pípẹ́ ni í sọ okùn líle inú ẹran di ohun rírọ̀. Àwọn Haúsá alásùyà gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń gé ẹran pẹlẹbẹ, kí eyín má baà rí okùn gígùn jà mọ́, wọ́n sì ń fi atalẹ̀ àti kúlíkúlí gígún sí i. Atalẹ̀ náà ní èròjà tó ń jẹ okùn ẹran. Ọgbọ́n méjèèjì dára, n kò sì gbà fún ẹni tó bá ní a kò mọ ẹran sè.

Ní ìlú òyìnbó, òtútù ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n lè so ẹran kọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó dé orí iná. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1735, àwọn ọkùnrin kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tó jẹ́ pé jíjẹ ẹran sísun yìí gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ dá sí i. Ní 1847, Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́místrì ará Jámánì, kọ ọ́ pé bí iná bá mú ojú ẹran gan, omi inú rẹ̀ kò ní lè jáde. Gbogbo ayé gbà á gbọ́, àwọn alásè kan ṣì ń wí i títí di òní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹran bá wà lórí irin gbígbóná, ẹ tẹ́tí sílẹ̀: ariwo ṣíì-ṣíì tí ẹ ń gbọ́ yẹn, omi rẹ̀ ló ń jáde. Ohun tí iná líle ń ṣe ni adùn. Ní 1912 ni ará Faransé kan, Louis-Camille Maillard, ṣe àlàyé bí èròjà inú oúnjẹ ti ń dàpọ̀ nínú ooru tí wọ́n fi ń pọ́n, tí wọ́n sì ń ta sánsán. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lójú sùyà àti lójú iṣu sísun.

Mo kó gbogbo èyí lọ bá alápatà kan, àgbà ọkùnrin, ní ọjà Ìpata ní Ìlọrin. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tíṣà, ìtan lẹ rà lọ́jọ́sí. Ẹran ẹ̀yìn ni kí ẹ wá.” Ó fi hàn mí: ẹran gígùn tó sùn ti egungun ẹ̀yìn láti inú, tí kì í ṣe iṣẹ́ púpọ̀ nígbà tí màlúù wà láàyè. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má fi àdá já a wẹ́wẹ́ bí ìṣe wọn, kó fi ọ̀bẹ gé e ní ìdábùú iṣan.

Ẹni tí iná mànàmáná rẹ̀ bá ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé lè fi iyọ̀ pa á, kó gbé e sínú fíríìjì fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta láìbò ó. Iná tiwa kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ẹran tó sì bàjẹ́ kò ní ìtàn kankan. Nítorí náà mo tẹ ewé ìbẹ́pẹ fọ́, mo fi wé ẹran náà fún nǹkan bí wákàtí kan. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò rí játijàti. Mo nù ún gbẹ, nítorí ẹran tútù kì í pọ́n, gbígbó ló ń gbó. Mo fi iyọ̀ àti iyèré lílọ̀ pa á. Mo gbé páànù irin tó wúwo kaná títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí rú èéfín díẹ̀, mo ta òróró ẹ̀pà sí i, mo sì gbé ẹran lé e. Mo ń yí i padà léraléra. Nígbà tí ojú méjèèjì pọ́n, mo dín iná kù, mo fi àlùbọ́sà àti bọ́tà díẹ̀ sí i, mo ń bu òróró náà dà á lórí.

Àwọn òyìnbó ń fẹ́ kí inú rẹ̀ pọ́n. Omi pupa yẹn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, èròjà inú iṣan ni, ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn lọ níbi tí wọ́n ti dú ẹran. Ṣùgbọ́n ẹran ọjà tiwa lè ní ọmọ aràn nínú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó jiná dé inú. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ọmọ tí ebi ń pa yóò kùn. Ẹ jẹ́ kó kùn.

Iṣu díndín la fi gbé e síwájú ìyá mi. Mo gé e pẹlẹbẹ fún un, ní ìdábùú iṣan. Ó mú ẹyọ kan, ó jẹ ẹ́ pẹ́, kò sọ nǹkan kan. Ó mú òmíràn. Ọmọbìnrin mi na ọwọ́ sí àwo rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, ìyá mi sì fi ọwọ́ bo àwo náà. Ó ní, “Lọ bá bàbá rẹ, tèmi nìyí.”